Ta Ni Yóò Bá Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìn-ín-ní Wo Àròkọ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kan gbogbo ilé tí ó ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, pàápàá ní ilẹ̀ Ìbàràpá wa. Bí ọmọ bá yege ìdánwò ìwé mẹ́wàá, tí ó sì wọ pólítẹ́kíníìkì ní Èrúwà, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Igbó-Ọrà tàbí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Lánlátẹ̀, inú gbogbo ẹbí a dùn. Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí a ti bá ohun kan pàdé tí wọn kì í sọ nílé. Olùkọ́ yóò ní kí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n sọ èrò ọkàn wọn, kí wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n bí wọn yóò ṣe kọ ọ́ ni kò yé wọn.

Ní pólítẹ́kíníìkì, Use of English ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí, nọ́mbà rẹ̀ sì ni GNS 101. Ẹni tí ó bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀ yóò gbé e lọ sí ọdún tí ó tẹ̀lé e, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní kárí-ófà. Bí ó tilẹ̀ mọ ìṣirò bí ẹni mu omi, bí ó tilẹ̀ mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò ní rí ìwé ẹ̀rí gbà títí yóò fi san gbèsè yẹn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí, ohun tí àwa àgbà sábà máa ń sọ ni pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìwòyí, tàbí pé orí wọn kò pé tó ti àwọn ará àtijọ́. Ìtàn kò gbè wá lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a tọ pinpin rẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ní 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó nǹkan bí 457,000. Ní 1955 wọ́n ti lé ní 811,000. Ìbàràpá wà nínú Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ tí ì bá máa lé ẹyẹ lóko ni ó di ẹni tí ó di síléètì mú. Ní 1979, nígbà tí Olóyè Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ̀kọ́ girama náà di ọ̀fẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ girama sì dé ọ̀pọ̀ ìlú tí kò ní irú rẹ̀ rí. Oore ńlá ni èyí. Púpọ̀ nínú wa tí ó ń ka ìwé yìí kì bá tí mọ ìwé kà bí kì í bá ṣe ti oore náà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a bá ṣí gbàràgàdà, èrò ni yóò gba ibẹ̀ wọlé. Olùkọ́ kan ṣoṣo wá ń kojú ọgọ́ta ọmọ, ní ibòmíràn wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àròkọ ni ẹ̀kọ́ tí irú èrò bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ń pa lára. A lè dúró lójú pátákó kí a kọ́ ọgọ́ta ọmọ ní ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọgọ́ta àròkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni olùkọ́ yóò kà á. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́wàá ni ó lọ yẹn lórí kíláàsì kan. Èwo ni kò ní sú ènìyàn? Nítorí náà, àròkọ dín kù, ìbéèrè tí a ń mú ìdáhùn rẹ̀ láàrin A sí D sì pọ̀ sí i.

Ìdánwò náà tún dá kún un. Àjọ WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ń béèrè àròkọ kan tí ó tó nǹkan bí 450 ọ̀rọ̀. Àjọ JAMB, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1978, kò béèrè àròkọ rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba máàkì rere nínú Use of English ti JAMB láìfi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbólóhùn kan. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tán ni wọ́n tó wá sọ fún un pé kíkọ ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà kò ṣàì rí i. Nígbà tí Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ṣílẹ̀kùn ní 1960, ó fi Use of English sí ara ẹ̀kọ́ àpapọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, àwọn yunifásítì yòókù sì ń tẹ̀lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NBTE sílẹ̀ ní 1977 láti máa bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ti pólítẹ́kíníìkì, ẹ̀kọ́ yìí wọ inú ìlànà tirẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀ka Pólítẹ́kíníìkì Ìbàdàn ni ọgbà tí ó wà ní Èrúwà, kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró ní 2014. Adeseun Ogundoyin Polytechnic ni à ń pè é lónìí.

Ẹ̀kọ́ wà, olùkọ́ wà. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ni ẹni tí yóò jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí yóò ka ohun tí ó kọ, tí yóò sì bi í pé, “Kí ni o fẹ́ sọ níhìn-ín?” Ìyẹn ni ìrànlọ́wọ́ tí à ń wí.

Ẹ̀rí wà pé kì í ṣe orí àwọn ọmọ ni kò pé. Èyí àkọ́kọ́ wá láti Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa, ọmọ Èkó, Mùsùlùmí, ẹni tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ni ó ṣe aṣáájú iṣẹ́ náà ní yunifásítì Ifẹ̀. Láti 1970, wọ́n mú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì yan olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láti máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ yìí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn kan ń bẹ̀rù lé wọn lórí; wọ́n tilẹ̀ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Ẹni tí ó ti to èrò rẹ̀ ní èdè abínibí, ó ti ní ohun tí yóò gbé bọ inú èdè àjèjì.

Ẹ̀rí kejì wá láti òkèèrè, nítorí pé irú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní 1955 àti 1979 ṣẹlẹ̀ ní ìlú New York náà. City College tí ó wà níbẹ̀, àwọn tí máàkì wọn ga nìkan ni ó ń gbà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú àti àwọn ọmọ Puerto Rico fi ẹ̀hónú hàn ní 1969, yunifásítì ìlú náà ṣílẹ̀kùn ní 1970 fún ẹnikẹ́ni tí ó bá parí girama ní ìlú náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tálákà wọlé. Nígbà tí wọ́n kọ àròkọ, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan figbe ta pé àwọn wọ̀nyí kò ṣeé kọ́.

Obìnrin kan, Mina Shaughnessy, tí ó ń darí ẹ̀kọ́ ìkọ̀wé fún wọn, kò bá wọn pariwo. Ó jókòó, ó ka nǹkan bí 4,000 àròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ láàrin 1970 sí 1974, ó sì gbé ìwé rẹ̀, Errors and Expectations, jáde ní 1977. Ohun tí ó rí ni pé àṣìṣe kì í ṣàdéédé wáyé. Ó ní ìdí. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe òpè, ẹni tí kò tíì kọ̀wé tó ni wọ́n, ẹni tí ó bá sì ń kọ́ nǹkan kò lè ṣàì ṣì í ṣe.

Ẹ fi èyí wo ti ilé wa. Ọmọ Ìbàràpá tí ó ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tí ó sì kọ “he”, a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n “ó” kan náà ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Ẹni tí ó kọ “he go yesterday” mọ̀ pé àná ni; “lọ” tiwa ni kì í yí padà, ì báà ṣe lánàá, ì báà ṣe lónìí. Bí a bá fi ìdí rẹ̀ hàn án lẹ́ẹ̀kan, yóò máa ṣọ́ ọ fúnra rẹ̀. Bí a bá kàn fi bírò pupa fa ìwé rẹ̀ ya, ìtìjú nìkan ni yóò mú lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà jìn sí, kí àwa má bàa jìn sí i. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn kó àwọn tí àròkọ wọn kò dára sí kíláàsì lọ́tọ̀ tí kò ní máàkì nínú ìwé ẹ̀rí, wọ́n ní kí wọ́n parí rẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sí ẹ̀kọ́ gidi. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní 2007, ní Community College of Baltimore County, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Peter Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí ètò náà padà. Wọ́n fi irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sí kíláàsì àròkọ ọdún kìn-ín-ní gan-an, pẹ̀lú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kọ. Bí kíláàsì bá ti tú, àwọn tí ó nílò ìrànlọ́wọ́, tí wọn kò ju bí mẹ́wàá lọ, yóò dúró ti olùkọ́ kan náà fún wákàtí mìíràn. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Columbia wádìí rẹ̀, wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní 2012: nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ báyìí, nǹkan bí 75 ni ó yege ẹ̀kọ́ náà, nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn tí wọ́n kọ́kọ́ dá dúró sí kíláàsì lọ́tọ̀, nǹkan bí 39 péré ni.

Ẹ̀yin ará, ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ rántí ilé-kéwú. Álífáà kì í sọ fún ọmọ pé kí ó lọ mọ̀ ọ́n kọ níbòmíràn kí ó tó wá. Ọmọ yóò gbé wàláà rẹ̀ wá síwájú álífáà, yóò kà á, álífáà yóò tọ́ka sí ibi tí ó ti ṣì í, ọmọ yóò sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹnìkan ti jìnnà, ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ẹní kan náà ni wọ́n jókòó sí, ẹ̀gbọ́n a sì máa bá àbúrò wo tirẹ̀. Ohun tí Baltimore ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kò jìnnà sí èyí tí àwọn bàbá wa ti ń ṣe.

Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1954, ríran àbúrò lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tuntun láàrin wọn, a sì mọ tútóríà tí àwọn ẹ̀gbọ́n ń ṣe fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí a fi àròkọ kún un ní Èrúwà, Igbó-Ọrà àti Lánlátẹ̀. Kò gba owó púpọ̀. Kí ẹ̀gbọ́n kan mú àbúrò mẹ́jọ sí mẹ́wàá, wákàtí kan lọ́sẹ̀. Kí oníkálukú mú iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un gan-an wá. Kí ó kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ohun tí ó fẹ́ sọ, kí ó tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ̀gbọ́n mú irú àṣìṣe kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan, kí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí oníwèé tún un kọ. Kí ẹ̀gbọ́n má ṣe bá a kọ ọ́ o! Ẹni tí a bá gbé pọ̀n lójoojúmọ́ kò ní mọ ìrìn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú kárí-ófà wálé, kí ẹ tó pè é ní olódo, ẹ bi í léèrè pé: “Ta ni ó bá ọ wo àròkọ rẹ?” Bí ó bá ní kò sí ẹnìkankan, ẹ ti rí ibi tí iṣẹ́ wà. Kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó wúlò, kí Ó sì fún àwa náà ní sùúrù láti jókòó tì wọ́n. Àmín.