Tábúlẹ́ẹ̀tì Tó Ní Kíbọ́ọ̀dù: Ṣé Ó Lè Rọ́pò Láptọ́ọ̀pù?

Òbí tó bá jáde ní Kabba lónìí láti ra kọ̀ǹpútà fún ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì lè gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́jà pé: "Ẹ gba tábúlẹ́ẹ̀tì yìí, kíbọ́ọ̀dù wà pẹ̀lú ẹ̀, kò yàtọ̀ sí láptọ́ọ̀pù." Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, bátìrì rẹ̀ sábà máa ń pẹ́, fóònù àti òun sì lè jọ lo ṣájà kan náà. Kì í ṣe nǹkan kékeré nìyẹn níbi tí iná NEPA ti ń ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni pé kò yàtọ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Oṣù kẹrin ọdún 2010 ni ilé iṣẹ́ Apple gbé iPad àkọ́kọ́ jáde sọ́jà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, Microsoft gbé Surface tiẹ̀ jáde, tí ìdérí rẹ̀ tún jẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Surface RT tó kọ́kọ́ jáde yìí jọ kọ̀ǹpútà lójú, ṣùgbọ́n àwọn ètò Windows tí aráyé ti ń lò tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ọjà ò tà bí wọ́n ṣe rò. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2013, Microsoft kéde àdánù 900 mílíọ̀nù dọ́là lórí ẹ̀.

Ọdún 2013 yẹn náà ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ṣe ìfilọ́lẹ̀ Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Iṣẹ́ kíkà àti ìgbáradì fún ìdánwò ni wọ́n dìídì ṣe é fún.

Ẹ̀kọ́ kan náà ni méjèèjì kọ́ni: ètò tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń sọ iṣẹ́ tó lè ṣe. Kíbọ́ọ̀dù nìkan kò lè sọ ọ́ di kọ̀ǹpútà.

Àwọn tó fara mọ́ ọn

Èrò wọn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ka ìwé, kọ nóòtù, kí ó sì wo ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí mìíràn tún wà. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò UTME. Láti ọdún 2017, ọmọ tí kò mọ máòsì í lò lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe ìdánwò náà. A, B, C àti D ni wọ́n fi ń yan ìdáhùn, N ń lọ sí ìbéèrè tó kàn, P sì ń padà sí èyí tó ṣáájú. Ọmọ tó jẹ́ pé ojú fóònù nìkan ló ń tẹ̀ nílé yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bọ́tìnnì kiri lọ́jọ́ ìdánwò, aago ò sì ní dúró dè é.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn

Àwọn wọ̀nyí ní kí ẹ dúró kí ọmọ dé ọdún tó máa kọ pírójẹ́ẹ̀tì. SPSS tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ìwádìí kò sí fún Android. Ẹ̀yà AutoCAD tó pé pérépéré náà, kọ̀ǹpútà ló ń fẹ́. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí ìṣirò owó lè fi tábúlẹ́ẹ̀tì Android ṣe ọdún kìíní, kí àwọn òbí rẹ̀ tún wá owó láptọ́ọ̀pù ní ọdún kẹta. Owó ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn.

Oríṣi kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta

1. Èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ara tábúlẹ́ẹ̀tì, bíi ti Surface àti iPad Pro. Ó sábà máa ń gba iná lára tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kì í sì í bá oríṣi tábúlẹ́ẹ̀tì mìíràn mu.
2. Èyí tó ń lo Bluetooth. Ó ń bá ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì àti fóònù ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní bátìrì tiẹ̀ tó ń fẹ́ iná.
3. Kíbọ́ọ̀dù USB oníwáyà. Òun ló sábà máa ń pọ́ọ́kú jù. Bí ẹnu wáyà rẹ̀ ò bá wọ tábúlẹ́ẹ̀tì yín, ẹ ra OTG kékeré tó ń so wọ́n pọ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi ọlọ́jà

- Windows ni àbí Android? Tó bá jẹ́ Windows, RAM 4GB lè fún un lọ́rùn. 8GB ló dára jù.
- Ṣé owó kíbọ́ọ̀dù wà nínú owó tó pè? Ti Surface àti iPad, lọ́tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń tà á.
- Ṣé ó lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì? Gboard ní Yorùbá lójú Android, Windows náà sì ní ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá.
- Ṣé ẹ lè dán an wò? Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó, kí ó tẹ odidi ojú ìwé kan kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tó ń gbáradì fún UTME tàbí tó ń ka ìwé nìkan lè ra tábúlẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù, kó sì jẹ èrè rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń béèrè ètò ńlá, kí ó kọ́kọ́ bi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń lò. Láptọ́ọ̀pù àlòkù tó lágbára lè wúlò fún un ju tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun lọ. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.