Òróró Wo Ni Awọ Ń Fẹ́? Ìtàn Ìtọ́jú Awọ láti Ọ̀yọ́ dé Mushin

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìbéèrè tí a fẹ́ fi ìtàn dáhùn nínú àròkọ yìí dà bí ohun kékeré lójú: irú òróró tàbí ìpara wo ni ó yẹ kí ènìyàn máa fi tọ́jú ìjókòó ọkọ̀ tí a fi awọ bò? Ní Surulere, ní Yaba àti ní Mushin, ìdáhùn tí ènìyàn yóò gbọ́ kò lóǹkà. Àwọn kan gbà pé òrí ni ó dára jù, nítorí pé òun ni àwọn baba wa lò. Àwọn mìíràn a máa fi Vaseline pa á kí ó lè máa dán. Àwọn kan nínú àwọn tí ń fọ ọkọ̀ lẹ́bàá títì a máa po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ kẹrosíìnì. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ a sì gba ọjà Ládípọ̀ lọ, a ra ìgò òyìnbó tí ó wọ́n jù lọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá olúkúlùkù wọn lójú, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń béèrè ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè: báwo ni wọ́n ṣe ṣe awọ náà?

Èrò tiwa ni pé ìbéèrè yìí ni olórí ọgbọ́n tí àwọn aláwọ àtijọ́ ní. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, tí a sì di òrí nìkan mú gẹ́gẹ́ bí ogún, èèpo ni a mú, a ti ju ọmọ inú rẹ̀ nù.

Gàárì Ṣáájú Ọkọ̀

Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa, ẹṣin ni ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá, gàárì sì ni ìjókòó rẹ̀. Ọ̀yọ́ Ilé, tí ó fi agbára ẹlẹ́ṣin borí àwọn ìlú títí dé Dahomey, kò lè ṣe é láìsí àwọn oníṣọ̀nà tí ń rán gàárì, ìjánu, àkọ̀ idà àti apó ọfà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837, iṣẹ́ náà bá àwọn ènìyàn wá sí Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí, níbi tí tìmùtìmù, àpò àti abẹ̀bẹ̀ aláwọ ti gbé orúkọ ìlú náà ga. Samuel Johnson, nínú ìwé rẹ̀ The History of the Yorubas tí ó kọ parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, jẹ́ kí a mọ̀ pé láyé àtijọ́, oníṣẹ́ awọ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe awọ tí ó fẹ́ lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí ó rán gàárì náà ni ó fá irun kúrò lára awọ rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tí ó pamọ́ fún un nípa ohun tí awọ náà ń fẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á rẹ awọ tútù sínú omi eérú kí irun lè tú, wọ́n á fá a, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n fi èso igi bàgàrúwá sí. Oje èso yìí ni ó ń di àwọn fọ́nrán inú awọ mú kí ó má baà jẹrà. Ṣùgbọ́n bí omi bá gbẹ kúrò lára rẹ̀, àwọn fọ́nrán náà yóò lẹ̀ mọ́ ara wọn, awọ yóò sì gan bí pákó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi òróró tàbí òrí rá a: ọ̀rá a wọ àárín àwọn fọ́nrán, a sì jẹ́ kí wọ́n lè máa yọ̀ lára ara wọn. Nígbà tí ọ̀rá náà bá tán, awọ yóò sán, a ó sì tún fi òmíràn rá a.

Ẹ wá fi èyí wé awọ ìlù dùndún. Ewúrẹ́ náà ni ó ti wá, ṣùgbọ́n a kò rẹ ẹ́ sínú oje èso. Awọ tí a fá lásán ni, líle rẹ̀ ni a sì fẹ́. Ẹni tí ó bá fi òróró rẹ awọ dùndún títí tí ó fi rọ̀ ti ba ohùn ìlù jẹ́. Ewúrẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó dára fún awọ gàárì kò dára fún awọ ìlù.

Ojú Irin àti Awọ Òkè Ọya

Ní 1851, Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Kánò, ó sì kọ̀wé nípa bàtà àti awọ tí àwọn oníṣòwò ń kó láti ibẹ̀ la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Àríwá Áfríkà. Nítorí pé etíkun Àríwá ni àwọn òyìnbó ti ń rà á, wọ́n sọ awọ ewúrẹ́ pupa di awọ Mòrókò, bẹ́ẹ̀ Kánò àti Sókótó ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ewúrẹ́ pupa Sókótó lókìkí títí di òní nítorí pé awọ rẹ̀ kúnná, ó sì lágbára.

Ojú irin ni ó yí ọ̀nà òwò náà padà. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kánò ní 1912. Awọ tí ràkúnmí ń gbé lọ sí àríwá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wá sí gúúsù, ó ń gba Mushin àti Yaba kọjá lọ sí èbúté. Bí Èkó ti ń gbòòrò, tí àwọn ènìyàn láti ibi gbogbo ń tẹ̀dó sí Mushin, agbègbè náà di ibi tí àwọn oníbàtà, àwọn oníbáàgì àti àwọn tí ń rán ìjókòó ọkọ̀ ti ń ra awọ, gọ́ọ̀mù àti òwú. Yorùbá, Hausa àti Igbo ni wọ́n jọ ń ná an níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Láti Ilé Ìkàwé

Awọ ewúrẹ́ ilẹ̀ wa rin ìrìn àjò mìíràn tí ó kan àwa tí a fẹ́ràn ìwé. Àwọn tí ń di ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi fún ẹ̀yìn ìwé, wọ́n sì ń pè é ní Niger. Bí àwọn ìwé aláwọ ti ń gbó nínú ilé ìkàwé wọn, wọ́n wá òróró tí wọn yóò fi tọ́jú wọn. Èyí tí ó lókìkí jù ni òróró ìtọ́jú awọ ti British Museum, tí wọ́n fi ọ̀rá irun àgùntàn, ìda oyin àti òróró igi kédárì pò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pa ìwé lára.

Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ìwé ṣàkíyèsí pé òróró kò dá jíjẹrà awọ dúró, nítorí pé èéfín búburú inú afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ ẹ́. Òróró àpọ̀jù tún ń fa eruku mọ́ra, ó ń sọ awọ di dúdú, a sì máa mú kí ó lẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn dẹ́kun àṣà náà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí awọ tí ó gba òróró wọlé, kí ni a ó wí nípa awọ tí kò tilẹ̀ gbà á?

Láti Ìjàpá dé Tókunbọ̀

Ní 1884, Augustus Schultz gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún ọ̀nà tí a fi ń lo iyọ̀ kírómù dípò oje igi láti ṣe awọ. Iṣẹ́ tí ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ wá di ti ọjọ́ díẹ̀. Púpọ̀ nínú awọ ìjókòó ọkọ̀ ayé òde òní ni a fi kírómù ṣe, awọ màlúù sì ni. Lẹ́yìn èyí, ilé iṣẹ́ a tún fi ọ̀dà àti ìpele tín-ín-rín bí ike bò ó lójú, kí omi àti òógùn má baà wọ inú rẹ̀.

Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, àti ti Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa. Owó Udoji wà lóde, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Surulere àti Yaba sì di onímọ́tò. Ìjókòó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà, títí kan ìjàpá, jẹ́ aṣọ tàbí ike tí a ṣe bí awọ, ṣùgbọ́n lẹ́dà ni gbogbo ayé ń pe ike náà. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé SAP dé ní 1986, tí náírà sì jábọ́, ọkọ̀ tuntun di ohun àwòṣífìlà fún mẹ̀kúnnù. Tókunbọ̀ gba ìgboro, ó sì gbé awọ gidi tí ó ti gbó ní ilẹ̀ olótùútù wá sínú oòrùn wa. Báyìí ni ike, awọ tí a bò lójú àti awọ tí a kò bò ṣe ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo lẹ́nu wa. Inú orúkọ kan ṣoṣo yìí ni àṣìlò òróró ti ń wá.

Bí A Ṣe Lè Yan Ìpara

Èkíní, ẹ kán omi díẹ̀ sí ibi tí ó pamọ́ lára ìjókòó. Bí omi náà bá wọlé tí ojú ibẹ̀ sì dúdú, awọ tí a kò bò ni. Òun ni ó lè mu ìpara. Bí omi bá dúró ṣóńṣó, a ti bò ó lójú tàbí kí ó jẹ́ ike. Òrí àti Vaseline kò lè wọ inú irú èyí dáadáa. Òkè ni wọn yóò wà, tí wọn yóò máa gba eruku. Ọ̀rinrin Èkó sì lè mú kí òrí kẹ̀, kí èbu sì hù níbẹ̀.

Èkejì, ẹ nu ìjókòó mọ́ kí ẹ tó fi ohunkóhun pa á. Òógùn, ọ̀rá ara àti ìpara irun ni wọ́n ń jẹ ọ̀dà ojú awọ. Ṣùgbọ́n ẹ yẹra fún ọṣẹ líle. Awọ fúnra rẹ̀ kan díẹ̀, pH rẹ̀ kì í sábà ju 5 lọ, nígbà tí ọṣẹ dúdú àti ọṣẹ ìfọṣọ máa ń tó 9 tàbí 10. Kẹrosíìnì ní tirẹ̀ a máa ba ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù jẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka ara ìgò. Fún awọ tí a bò lójú, ẹ wá ìpara olómi tí kò ní epo rọ̀bì nínú, tí ó sì ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, nítorí oòrùn tí ń gba ojú gíláàsì wọlé ni ọ̀tá rẹ̀ tí ó burú jù. Fún awọ tí a kò bò, èyí tí ó ní ọ̀rá irun àgùntàn dára. Dídán kì í ṣe àmì ìlera awọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dán an wò ní ibi kọ́lọ́fín, ẹ fi sí ara aṣọ rírọ̀ dípò kí ẹ dà á sórí ìjókòó, kí ẹ sì nu èyí tí ó bá ṣẹ́kù kúrò. Ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dún tó. Kí ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣáájú ọyẹ́. Awọ tí ó bá ti ya kò ní ìpara tí ó lè rán an. Ọwọ́ aránjókòó ni ó kù.

Awọ Wa Dà?

Ìbéèrè tí ó le jù kò tíì parí. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Zaria dábàá pé kí a fi òfin de pọ̀nmọ́ jíjẹ, kí awọ màlúù lè wà fún ilé iṣẹ́. Ariwo ta, pàápàá ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí pọ̀nmọ́ ti jẹ́ ẹran mẹ̀kúnnù. Àwọn méjèèjì ní àwíjàre. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè sọ awọ di ìjókòó ọkọ̀. Ó ń fẹ́ omi, iná mànàmáná, ọ̀nà láti palẹ̀ ìdọ̀tí kírómù mọ́, àti àwọn tí ó mọ iṣẹ́. Ní 2025, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ibùdó iṣẹ́ awọ kan ní Mushin. Ohun rere ni, bí ìmọ̀ bá lè bá ẹ̀rọ rìn.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé kì í ṣe òrí ni àwọn baba wa fi jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ awọ. Wọ́n jẹ́ ọ̀gá nítorí pé wọ́n mọ ohun tí ojú awọ náà ti rí kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Lónìí, ọwọ́ púpọ̀ ni awọ ń gbà kọjá, ẹni tí ó ṣe é kò mọ ẹni tí ó ń rán an, ẹni tí ó ń rán an kò sì mọ ẹni tí yóò jókòó lé e. Òróró nìkan kò lè dí àlàfo yìí. Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níbí: kí wọ́n lọ bá àwọn aláwọ Mushin àti àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́, kí wọ́n gba orúkọ tí wọ́n ń pe irú awọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n sì béèrè bí a ṣe ń fi ọwọ́ àti imú dá wọn mọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí lẹ́dà bá ṣì jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo fún awọ mẹ́ta, ìgò tí kò bá a mu ni a ó máa rà fún un.