Gígun Ẹṣin fún Ìwòsàn: Ohun tí Òbí Ọmọ Àkàndá Ní láti Mọ̀

Nínú ìwòsàn yìí, ọ̀dọ́ tí ó ní ìpèníjà ara a dé akoto, a sì gun ẹṣin tí ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹnì kan a di ìjánu mú, àwọn mìíràn a máa bá ọmọ náà rìn lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹṣin bá ṣe ń rìn ni ìbàdí ẹni tí ó gùn ún ń mì, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń rìn. Èyí lè ran ọmọ tí iṣan rẹ̀ le nítorí ìpalára ọpọlọ lọ́wọ́ láti jókòó láìwó. Kì í mú àìlera náà kúrò.

Lis Hartel, ará Denmark tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá jà, gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú ẹṣin gígùn ní Olympics Helsinki, 1952. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọbi ara sí i.

Ẹṣin kò wọ́pọ̀ ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri inú igbó kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Ọ̀yọ́-Ilé pàápàá, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, Òkè-Ọya ni ó ti ń ra ẹṣin. Ẹṣin òde ayẹyẹ ni òbí sábà máa ń rí. Ẹ má ṣe gbé ọmọ lé e ní orúkọ ìwòsàn: ìlù àti ariwo ni ó mọ̀, a kò kọ́ ọ láti dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ bá ta gìrì.

Kò yẹ ọmọ tí wárápá rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀, tàbí tí egungun itan rẹ̀ yẹ̀. Ọmọ tí ó ní Down syndrome gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ọrùn ná. Ẹ kọ́kọ́ rí oníṣègùn fisiotẹ́rápì, irú àwọn tí ó wà ní UCH, Ìbàdàn. Bí kò bá sí ẹṣin, ó lè kọ́ yín bí ọmọ yóò ṣe máa jókòó lórí tìmùtìmù róbótó, kí ẹsẹ̀ kan wà lọ́tùn-ún, èkejì lósì.