Ṣíṣọdẹ ewúrẹ́ orí òkè

Ṣíṣọdẹ ewúrẹ́ orí òkè jẹ́ iṣẹ́ ọdẹ tí a ń ṣe láti pa ẹranko tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Oreamnos americanus. Ní etíkun Òkun Pàsífíìkì ní Àríwá Amẹ́ríkà, láti ìpínlẹ̀ British Columbia ní orílẹ̀-èdè Kánádà títí dé ìpínlẹ̀ Alaska ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, orí àwọn òkè tí ọ̀nà mọ́tò kò dé ni a ti sábà máa ń ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ méjèèjì, òfin kì í sábà gba àlejò láàyè láti dá lọ. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé amọ̀nà tí ó ní ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ amọ̀nà yìí ju fífi ọ̀nà hanni lọ: òun ni ó ń sọ bóyá akọ tàbí abo ni ẹran tí wọ́n rí, àti bóyá ó yẹ kí a yìnbọn sí i níbi tí ó dúró sí.

Ẹranko náà

Bí a tilẹ̀ ń pè é ní ewúrẹ́, kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ewúrẹ́ tí a ń sìn nílé. Ìbátan ni wọ́n. Irun rẹ̀ funfun, ó sì gùn. Akọ àti abo ni ó ní ìwo dúdú tí ó mú ṣóńṣó. Pátákò rẹ̀ là sí méjì, abẹ́ rẹ̀ sì rọ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ó yọ̀ lórí àpáta. Akọ tí ó dàgbà lè wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ. British Columbia nìkan ni ó ní ju ìdajì lọ nínú gbogbo ewúrẹ́ orí òkè tí ó wà láyé.

Ní ìgbà ooru, ibi tí igi kì í hù mọ́ lókè pátápátá ni wọ́n ti ń jẹko. Ní ìgbà òtútù, yìnyín a máa jìn púpọ̀ ní etíkun, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn a sọ̀ kalẹ̀ wá sínú igbó kìjikìji tí ó wà lẹ́bàá pàlàpálá àpáta, nígbà mìíràn títí dé itòsí omi òkun.

Abo kì í sábà bímọ kí ó tó pé ọdún 4 tàbí 5, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì máa ń sábà bí lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá pa abo mélòó kan nínú agbo kékeré, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò gbà kí agbo náà tó padà sí bí ó ti wà.

Ìtàn

Tipẹ́tipẹ́ kí àwọn ará Yúróòpù tó dé ni àwọn onílẹ̀ etíkun náà ti ń dẹ ewúrẹ́ yìí. Àwọn Tlingit àti àwọn Tsimshian ń jẹ ẹran rẹ̀, wọ́n ń fi ìwo rẹ̀ ṣe ṣíbí, wọ́n sì ń fi irun rẹ̀ àti èèpo igi sídà hun aṣọ ìbora oyè tí a mọ̀ sí Chilkat. Àwọn Coast Salish tí ó wà ní gúúsù náà ń fi irun rẹ̀ hun aṣọ. Ewúrẹ́ yìí kò sí ní erékùṣù Kodiak ní Alaska tẹ́lẹ̀. Ní 1952 àti 1953 ni a kó díẹ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n sì ti tàn káàkiri erékùṣù náà.

Òfin

Ní British Columbia, ìjọba pín ilẹ̀ ọdẹ sí agbègbè-agbègbè, ó sì fún oníṣẹ́ amọ̀nà kan ní ẹ̀tọ́ láti máa mú àlejò dẹ ẹran nínú agbègbè tirẹ̀. Ní Alaska, àlejò tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà lè tẹ̀lé ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ tí ó jẹ́ olùgbé ibẹ̀ dípò amọ̀nà. Ìpínlẹ̀ yìí náà ti fi agbègbè fún amọ̀nà kọ̀ọ̀kan rí, ṣùgbọ́n ní 1988, nínú ẹjọ́ Owsichek, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Alaska dájọ́ pé ètò náà lòdì sí òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà, tí ó fi ẹran igbó sí ìkáwọ́ gbogbo ènìyàn.

Ní gúúsù-ìlà-oòrùn Alaska, bí ọdẹ bá pa akọ, àmì 1 ni àwọn aláṣẹ ń kà. Bí ó bá pa abo, àmì 2 ni. Nígbà tí àmì agbègbè kan bá pé, a ó ti ibẹ̀ pa fún ọdẹ.

Bí a ti ń ṣe é

Ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí ń bà lórí omi ni ó sábà máa ń gbé ọdẹ dé ìsàlẹ̀ òkè. Òfin Alaska kò gba hẹlikópítà láàyè, ẹni tí ó bá sì wọ ọkọ̀ òfuurufú dé kò gbọdọ̀ yìnbọn sí ewúrẹ́ ní ọjọ́ kan náà. Láti etí omi ni wọn yóò ti máa gun òkè, wọn yóò la igbó ẹlẹ́gùn-ún kọjá, wọn yóò sì pàgọ́ sókè. Òjò àti kùrukùru lè dá wọn dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Bí wọ́n bá rí ẹran, amọ̀nà a fi awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí ìwo akọ nípọn, ìwo náà sì tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó. Ìwo abo tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ ni ó sì ti tẹ̀ jù. Bí abo bá fẹ́ tọ̀, ó máa ń lóṣòó, ṣùgbọ́n akọ a na ara síwájú. Akọ sábà máa ń dá wà, bẹ́ẹ̀ ni abo náà lè dá wà, nítorí náà dídáwà nìkan kì í ṣe ẹ̀rí tí ó tó.

Lẹ́yìn èyí ni amọ̀nà yóò wo ibi tí ẹran náà yóò ṣubú sí. Ẹran tí a yìnbọn sí létí ọ̀gbun lè já lulẹ̀ láti òkè réré: ìwo rẹ̀ a dá, ẹran rẹ̀ a bàjẹ́, tàbí kí ó bọ́ síbi tí ènìyàn kò lè dé. Amọ̀nà tí ó mọṣẹ́ a ní kí ọdẹ dúró títí ẹran yóò fi rìn dé ibi tí ó tẹ́jú, bí ó tilẹ̀ lè lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Òfin Alaska sọ ọ́ di dandan pé kí ọdẹ gbé ẹran tí ó ṣe é jẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ewu àti ìdáàbòbò

Yíyọ̀ ṣubú, òtútù tí ń gba ooru ara àti béárì tí òórùn ẹran fà wá ni ewu tí ó wọ́pọ̀ fún ọdẹ. Ní ti ewúrẹ́ náà, ìwádìí ní etíkun Alaska fi hàn pé yìnyín tí ń ya lulẹ̀ láti orí òkè ń pa púpọ̀ nínú wọn. Nítorí ìdí èyí, bí ìgbà òtútù bá le, iye tí àwọn aláṣẹ yóò jẹ́ kí ọdẹ pa ní láti dín kù.