Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (Bàbá Sàlá)

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí a bí ní 1936. Olórin háílàìfù ni kí ó tó di aláwàdà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Sunny Adé ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orin.

Bàbá Sàlá tí ó ń ṣe lórí ìtàgé àti nínú tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ahun àti ọ̀kánjúà. Aago ńlá ni ó máa ń so kọ́rùn, táì rẹ̀ fẹ̀ kọjá àlà, awò ojú rẹ̀ kò sì ní dígí. Kí ó tó la ẹnu ni èrò ìwòran ti ń rẹ́rìn-ín.

Ní 1982 ni ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Nínú eré náà, oníjìbìtì ni ó sọ ọ́ di òtòṣì. Àfi bí àfọ̀ṣẹ: àwọn kan jí fíìmù náà dà sí fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ olówó rẹ̀ lọ́rùn. Síbẹ̀, ó tún ṣe Ààrẹ Àgbáyé àti Mọ́ṣebọ́látán. Ó kú ní oṣù kẹwàá 2018.