Láti Ọwọ́ Oníbodè Dé Ọwọ́ Aṣọ́bodè: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wa Mọ́tò Ẹni Kọjá Ààlà

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ọdọọdún yìí ní kí n kọ ìtàn kan, ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni àwọn mọ́tò tí a máa ń rí nínú ọgbà gbọ̀ngàn ìlú nígbà ìpàdé. Òmíràn ti Kútọnu wá, òmíràn ti Lomé, òmíràn ti Ákrà, nọ́ńbà àjèjì sì wà lára wọn. Àwọn ọmọdé a máa yí wọn ká. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ ohun tí ó mú kí ó ṣeé ṣe fún ẹnì kan láti wa mọ́tò tirẹ̀ la ilẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá, kí ó lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé, kí ó sì wà á padà láìsan owó ibodè lórí rẹ̀. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ ibodè kì í ṣe àjèjì sí àwọn baba wa. Kí òyìnbó tó dé, odi ni ó yí àwọn ìlú ńlá ká, oníbodè sì wà lẹ́nu ibodè kọ̀ọ̀kan. Òun ni ó ń gba owó lọ́wọ́ alájàpá tí ó bá gbé ẹrù kọjá, fún ọba tàbí fún ìjòyè tí ó ni ibodè náà. Ohun tí oníbodè fẹ́ mọ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ta ni ìwọ, kí ni ẹrù rẹ, níbo ni ò ń lọ? Kí ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún pàdé wọn níwájú.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí ìwé kan ní ìlú Párísì, wọ́n sì fa ìlà láti etí òkun lọ sí ìhà àríwá. Kò sí ọba ilẹ̀ wa kan tí ó jókòó níbi ìpàdé náà. Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó wà lábẹ́ Aláketu láti ìṣẹ̀ǹbáyé, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni ibodè ìlú di ibodè ìjọba, tí ẹni tí ó ń lọ kí àna rẹ̀ di ẹni tí ó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Nígbà tí mọ́tò dé, ìṣòro tuntun dé pẹ̀lú rẹ̀. Mọ́tò kì í ṣe ẹrù orí. Ọjà olówó iyebíye ni, gbogbo ìjọba ni ó sì ń gba owó ibodè lórí èyí tí ó bá wọ ilẹ̀ wọn. Bí àlejò yóò bá san owó yìí ní gbogbo ààlà, kò ní í lè rìn jìnnà. Bí wọ́n bá sì ní kí àlejò má san nǹkan, oníṣòwò yóò pe ara rẹ̀ ní àlejò, yóò ta mọ́tò náà, yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé. Báwo ni ìjọba yóò ṣe mọ̀ pé mọ́tò tí ó wọlé yóò jáde?

Ohun tí àwọn ará Yúróòpù dá sílẹ̀ láti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kò ní í ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀, nítorí onígbọ̀wọ́ ni. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò yóò fún arìnrìn-àjò ní ìwé kan tí à ń pè ní carnet. Àwọn aṣọ́bodè yóò lu òǹtẹ̀ sí i nígbà tí mọ́tò bá wọlé, wọn yóò sì tún lù ú nígbà tí ó bá jáde. Bí òǹtẹ̀ àbájáde kò bá sí níbẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ ni yóò san owó ibodè, òun náà yóò sì yíjú sí ẹni tí ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè ti ṣe àdéhùn lórí mọ́tò tí ń kọjá ààlà ní Párísì ní 1909, wọ́n tún un ṣe níbẹ̀ ní 1926 àti ní Geneva ní 1949. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1954, ní New York, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tí ó dá lórí mọ́tò aládàáni ti arìnrìn-àjò nìkan: kí ó wọlé láìsan owó ibodè, ní orí ìlérí pé yóò padà.

Láyé ìgbà náà, ẹni tí ó bá wa mọ́tò láti Èkó lọ sí Ákrà rí àrà. Lẹ́tà WAN ni àmì Nàìjíríà tí yóò wà lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni a ń wa mọ́tò sí nílé. Bí ó bá ti wọ Dàhòmì, ọwọ́ ọ̀tún ni, bákan náà ní Tógò. Bí ó bá sì ti Lomé bọ́ sí Aflao ní ilẹ̀ Gánà, ó di ọwọ́ òsì padà. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, Gánà sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974. Láti ìgbà náà ni ojú ọ̀nà ti di ọ̀kan, bí ọ̀rọ̀ àwọn ìjọba kò tilẹ̀ tí ì di ọ̀kan.

Àwọn àgbà wa kò lè gbàgbé ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbéèlú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Òwò ogún ọdún di ohun tí a dì sórí lọ́rì kan ṣoṣo. Kí a má sì tan ara wa jẹ: Nàìjíríà náà lé àjèjì ní oṣù Kínní ọdún 1983, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará Gánà.

Síbẹ̀, láàárín ìlékúrò méjèèjì ni a ti fi ìpìlẹ̀ ohun rere lélẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975 ni a dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àdéhùn náà kò gbàgbé mọ́tò: mọ́tò aládàáni lè lo 90 ọjọ́, mọ́tò akérò àti akẹ́rù 15 ọjọ́. Ìwé mẹ́rin ni ó béèrè: ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwé tí ó fi hàn ẹni tí ó ni mọ́tò, ìwé íńṣọ́ránsì tí àwọn orílẹ̀-èdè náà gbà, àti ìwé carnet. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1982, ní Kútọnu, a fi íńṣọ́ránsì náà lélẹ̀, òun ni Brown Card. Bí mọ́tò ará Nàìjíríà bá ṣe ènìyàn léṣe ní Bẹ̀nẹ̀, ilé iṣẹ́ Brown Card ti Bẹ̀nẹ̀ ni yóò bójú tó ẹni tí ó fara pa, ti Nàìjíríà yóò sì san owó náà padà. Ẹ wò ó, onígbọ̀wọ́ náà ni.

Ó tọ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ní ọdún 2006, àbúrò ìyá mi tí ó ti pẹ́ ní Kútọnu kú. Mùsùlùmí ni, a kì í sì í fi òkú wọn pamọ́ pẹ́. Ní ìdájí tí a gbọ́ ni mo gbé ìyá mi sínú mọ́tò. Oṣù mẹ́ta péré ni mọ́tò náà lò lọ́wọ́ mi. Mo rà á lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, n kò sì tí ì yí ìwé rẹ̀ sí orúkọ mi. Ní ojú ààlà, aṣọ́bodè wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, “Ọ̀gá, orúkọ tó wà níbí kì í ṣe tiyín. Ìwé ẹni tó ni ín dà?” N kò ní. Ó sọ òótọ́, kò sì bú mi. A wá ibi tí a lè gbé mọ́tò sí, a wá takisí, ọjọ́ sì ti lọ. Nígbà tí a dé, wọ́n ti sin ín. Ìyá mi jókòó ti sàréè náà. Ohun kan ṣoṣo tí ó bi mí nígbà tí a ń padà ni pé, èló ni wọ́n fi ń yí ìwé mọ́tò sí orúkọ ẹni? N kò lè dá a lóhùn.

N kò sọ pé ìwé ni ó ń ṣí gbogbo ibodè. Láti oṣù Kẹrin 1984 títí di oṣù Kẹta 1986, Nàìjíríà ti ààlà ilẹ̀ rẹ̀ pa. Ó tún tì í ní oṣù Kẹjọ 2019, ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2020 ni ó tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Agbára wa kò ká irú èyí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni kí a ṣe. Kí ìwé mọ́tò wà ní orúkọ ẹni. Bí a bá yá a ni, kí ìwé àṣẹ ẹni tí ó ni ín wà lọ́wọ́. Kí a gba Brown Card kí a tó kúrò nílé. Bí wọ́n bá fún wa ní ìwé àṣẹ ìgbà díẹ̀ tí àwọn elédè Faransé ń pè ní laissez-passer, kí a ka iye ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, kí a má sì rékọjá rẹ̀. Ẹni tí ó fi owó ẹ̀yìn dípò ìwé ń ba onígbọ̀wọ́ jẹ́ fún gbogbo wa.

Mo sì bẹ Ẹgbẹ́ wa pé, nígbà tí a bá ń fi ìwé ìpè ìpàdé ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀ka wa lẹ́yìn odi, kí a máa kọ àwọn ìwé tí mọ́tò nílò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè oníbodè àtijọ́ kò tí ì yí padà: ta ni ìwọ, kí ni ẹrù rẹ, níbo ni ò ń lọ? Ẹ̀kẹrin nìkan ni ayé mọ́tò fi kún un: ǹjẹ́ yóò padà? Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí Ọlọ́run mú olúkúlùkù wa lọ, kí ó sì mú wa bọ̀.