Ẹ̀kọ́ Gíga Nípa Ìlera Àwùjọ fún Òṣìṣẹ́ Ìlera Onírìírí

Ẹ̀kọ́ gíga nípa ìlera àwùjọ ni ẹ̀kọ́ oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé tí àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlera máa ń padà lọ kọ́. Dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, apòògùn, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò àti dókítà ẹranko a máa jókòó sí kíláàsì kan náà. Ẹni tó ti ń wo aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan yóò wá kọ́ bí a ṣe ń wo ìlú lódidi: ibi tí àrùn ti ń wá, àwọn tó ń mú, iye tí ìdènà rẹ̀ yóò ná ìjọba, àti ìdí tí ará ìlú fi ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí tí wọ́n fi ń kọ̀ ọ́.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní ọdún 1916 ni Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó àti ìlera àwùjọ sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Nílẹ̀ Yorùbá, Yunifásítì Ìbàdàn gba iwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas, tó darí ẹ̀ka ìdènà àrùn níbẹ̀, lọ di olùdarí àkọ́kọ́ fún ètò ìwádìí àgbáyé lórí àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru ní 1976. Ìpàdé àgbáyé lórí ìlera ní Alma-Ata ní 1978 sọ ọ́ fún gbogbo ìjọba pé abúlé ni ìtọ́jú ìlera gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń wá ẹni tó mọ ìṣègùn, tó mọ ìṣirò, tó sì mọ bí a ṣe ń bá baálẹ̀ àti ìyálọ́jà sọ̀rọ̀.

Ní Bẹ̀nẹ̀

Ìlú Ouidah ni ilé ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ tí a mọ̀ sí IRSP wà, lábẹ́ Yunifásítì Abomey-Calavi. Ọmọ Ouidah ni Comlan Alfred Quenum tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Áfíríkà, láti 1965 títí di 1984. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti oríṣiríṣi ilẹ̀ tó ń sọ Faransé máa ń wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Pahou, níbi tí wọ́n ti dán an wò pé kí ará abúlé máa san owó kékeré fún oògùn, kí àwọn fúnra wọn sì máa ṣàkóso owó náà, kò jìnnà sí ibẹ̀. Ìrírí Pahou wà lára ohun tó bí ètò Bamako ti ọdún 1987 lórí irú ìsanwó oògùn bẹ́ẹ̀.

Ìlò rẹ̀ ní Ifangni

Ifangni wà ní ẹkùn Plateau, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà. Òun àti Sakété ni wọ́n jọ wà ní agbègbè ìlera kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú 34 tí Bẹ̀nẹ̀ pín ara rẹ̀ sí. Ẹni tó ń darí irú agbègbè bẹ́ẹ̀ kò lè fi ìṣègùn nìkan ṣe é: owó oògùn, àjẹsára, òṣìṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ àrùn ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ní Igolo, tó dojú kọ Ìdí-Ìrókò, ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń ré ààlà kọjá lọ sọ́jà tàbí lọ kí ẹbí. Àrùn pàápàá lè bá wọn ré e kọjá.

Egbò Buruli fi èyí hàn kedere. Ibi tí omi kì í ti ṣàn dáadáa ni wọ́n sábà máa ń rí àrùn náà, ó sì máa ń jẹ awọ ara. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ti wá gba ìtọ́jú ní Pobè, ní Bẹ̀nẹ̀, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Dókítà lè fún wọn lóògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àmọ́ kí a tó lè tètè rí egbò náà, a nílò ẹni tó mọ odò abúlé, olùkọ́ tó ń wo ara ọmọdé, àti ẹni tó lè yí èrò àwọn ìdílé padà.

Àpẹẹrẹ láti Nàìjíríà

Ní 2008 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ tí a mọ̀ sí NFELTP. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ náà, iṣẹ́ orí pápá ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló ní: títọpa àrùn, iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, àti àrùn ẹranko. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje 2014, àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ wà lára àwọn tó tọpa nǹkan bí 900 ènìyàn tó ti súnmọ́ aláìsàn. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú, mẹ́jọ kú, wọ́n sì kéde òpin rẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá.

Ìṣòro

Owó ilé ìwé wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn kékeré kì í sábà rí ẹni fi rọ́pò agbẹ̀bí tó lọ kẹ́kọ̀ọ́. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní Ouidah, Gẹ̀ẹ́sì ni ti Ìbàdàn, nígbà tí Yorùbá àti Gun ń so àwọn ará ìhà méjèèjì pọ̀. Àwọn kan tó gboyè sì máa ń ṣí lọ sí ìlú ńlá tàbí òkè òkun. Ìjọba tó bá fẹ́ jèrè ẹ̀kọ́ yìí gbọ́dọ̀ pèsè ipò àti owó oṣù tó tọ́ fún àwọn tó bá padà sí agbègbè bí Sakété àti Ifangni, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ wà.